Ẹni Tó Ń Fi Ìdun Pamọ́ Ló Ń Sìn Ín: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Onílé àti Ayálégbé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé nílùú yìí. Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́ odò. Mo dúpẹ́ pé ẹ jáde tó báyìí, torí ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òun. Bí a bá pèpàdé lórí ibà, tọmọdé tàgbà ni yóò dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ọ̀rọ̀ ìdun ni, oníkálukú á máa wojú ẹnì kejì pé ilé ta ló ti jáde.

Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ìdun rọ́wọ́ mú láàárín wa. Lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, mo ti wọ ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí ìdun sì ń rìn nínú ìṣẹ́po kọ́tìnnì. Mo sì ti wọ yàrá tí ìdọ̀tí kún dé ẹnu ọ̀nà, tí n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìdun kì í jẹ ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń mu, kò sì bèèrè bóyá ti olówó ni tàbí ti mẹ̀kúnnù. Lọ́dún 2023, ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé dàrú lórí ọ̀rọ̀ ìdun yìí kan náà. Wọ́n ní àwọn ń rí i nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú ilé sinimá àti ní hòtẹ́ẹ̀lì, débi pé àwọn aláṣẹ wọn fi ìpàdé sí i. Òótọ́ ni pé ẹrù tó kún yàrá dí ń fún ìdun níbi tí yóò sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹrù kọ́ ló bí i. Ẹnì kan ló gbé e wọlé láìmọ̀.

Kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ta pọ́n-ún bíi yọyọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, inú ẹrù wa ló sì ti ń bá wa rìnrìn àjò: nínú báàgì ọmọ tó ti ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé dé fún ìsinmi, nínú àga àlòkù tí a rà nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, nínú òkìrìkà tí a kó sórí bẹ́ẹ̀dì kí a tó fọ̀ ọ́. Ẹ sì wo bí Ẹ̀pẹ́ ti rí lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà ní Noforija, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ìbéjú-Lẹ́kì ń gba yàrá lọ́wọ́ wa. Èyí kó jáde lónìí, òmíràn á kó wọlé lọ́la. Ọjà ẹja wa ń fa èrò láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ìlú tí èèyàn ń wọ̀ tó báyìí, tí ìdun kò ní bá wọn wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹranko tó jẹ́ fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ ìṣe ọ̀tá rẹ̀, òfìfo ni yóò máa nà. Oríṣi ìdun méjì ló mọ ilé èèyàn. Cimex lectularius pọ̀ ní ilẹ̀ òtútù, Cimex hemipterus sì ni ti ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Àgbà rẹ̀ tó mìlímítà 5 ní gígùn. Ó pupa rúsúrúsú, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ìgbà tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó nìkan ló ń wú. Ẹyin rẹ̀ funfun, kò tóbi ju hóró gààrí kan lọ, abo a sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò pákó tàbí ojú rírán mátírẹ́ẹ̀sì. Bó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ mu, ó lè yé ẹyin 1 sí 5 lójúmọ́, ó sì lè yé tó 200 kó tó kú. Láàárín ọjọ́ 6 sí 10, ẹyin yóò pa. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ọmọ rẹ̀ ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, kò sì lè bọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀ láìmu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 sí 7 péré, èyí tó jẹ́ ẹyin ti di ẹni tó ń yé ẹyin. Abo kan ṣoṣo tó ti gba akọ, tó bá wọ inú báàgì ẹnì kan, ó tó láti kún ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di iye ọjọ́ wọ̀nyí mú, torí orí wọn ni gbogbo ìtọ́jú tí mo máa sọ dúró lé.

Lóru, èémí wa àti ooru ara wa ló ń tọ́ka wa fún un. Yóò mu ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, yóò sì padà sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibùgbé rẹ̀ kì í sábà jìn sí ibùsùn. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà." Ojú rírán mátírẹ́ẹ̀sì, oríkèé bẹ́ẹ̀dì onípákó, ẹ̀yìn pákó ìgbórílé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí a fi kọ́ ògiri, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ẹní tí a ká jọ sí igun yàrá, etí àwọ̀n ẹ̀fọn níbi tí a ti so ó: àwọn ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi ara tó ń yún nìkan dá ẹjọ́. Ara oníkálukú ń gbà á bó ṣe yàtọ̀. Ara ọkọ lè lé wúruwùru kí ara aya má ní àmì kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Ẹlòmíràn wà tí yóò tó ọ̀sẹ̀ 2 kí àmì tó yọ lára rẹ̀. Mo ti rí i tí irú nǹkan báyìí di ìfura láàárín tọkọtaya, tí wọ́n ń wá ẹni tó ń fi nǹkan ṣe wọ́n. Kúrúnà pẹ̀lú ń yún lóru, ṣùgbọ́n àárín ìka ọwọ́ àti ìdodo ló fẹ́ràn, ìdun sì ń jẹ ibi tí aṣọ kò bò. Ẹ̀rí tó dájú ni kí ẹ rí òun fúnra rẹ̀, tàbí awọ tó bọ́, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ kíńkín dúdú lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi òwú tútù nu kíńkín dúdú náà. Bó bá tàn ká pẹ̀lú àwọ̀ pupa bíi ti ẹ̀jẹ̀, òun ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí ẹ fi etí káàdì àtijọ́ ha ojú rírán náà.

Ṣé ó ń kó àrùn ranni? Títí di òní, kò sí ẹ̀rí pé ìdun ń kó ibà, tàbí HIV, tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ran èèyàn. Oorun tó ń gbà lójú wa ni ìpalára rẹ̀, àti egbò tí ọmọdé ń fi èékánná họ tí kòkòrò àìfojúrí ń gbà wọlé. Níbi tó bá ti pọ̀ jù, ó lè dín ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ibi tó jẹ, ẹ gé èékánná ọmọ, kí ẹ sì lọ síbi ìtọ́jú bí egbò náà bá ń ṣọyún.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn DDT fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdun tán pátápátá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1950 tó wọlé, wọ́n ti rí ìdun tí DDT kò ràn mọ́ ní Pearl Harbor, ní Hawaii. Èyí tí oògùn kò pa ló ń bímọ, ọmọ rẹ̀ náà kò sì ní kú. Láti bí ọdún 1990 síwájú ni ó tún ti ń jáde káàkiri àgbáyé, àwọn oògùn ìdílé pyrethroid, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ agolo apakòkòrò tí à ń fín, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ran ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Irú oògùn yẹn kan náà ló wà lára àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín. Ní Tanzania, àwọn olùwádìí rí i pé níbi tí wọ́n ti ń lo àwọ̀n olóògùn, oògùn náà kò ran ìdun ibẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé bí ìdun bá wà lára àwọ̀n yín, kì í ṣe àwọ̀n ló bí i. Ẹ má tìtorí rẹ̀ jù ú nù, torí ẹ̀fọn ń pa ọmọ, ìdun kì í pa á.

Nígbà tí agolo kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kí là ń ṣe? A ń wá èyí tó le jù. Ọ̀tápiapia ni, oògùn olómi tí DDVP wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wọ́n ọn sí mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á sì sùn lé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín oògùn yìí ń ba iṣan ara jẹ́. Yóò mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu, kí òógùn máa bo èèyàn, kí ẹyin ojú sún kì, kí mímí le, títí tí ẹ̀mí á fi bọ́. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, láti mìlílítà 100 wá sílẹ̀, torí oògùn àgbẹ̀ ni, kì í ṣe ti yàrá. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni wóró oògùn tí àwọn kan ń fi sínú àpò ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú gáàsì jáde tí ó lè gba ara ògiri wọ yàrá ẹlòmíràn, kò sì sí oògùn kankan tó ń pa oró rẹ̀. Ẹ má gbé e wọ ilé tí èèyàn ń sùn, láé. Bẹ́tiróòlù àti kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí oríkèé bẹ́ẹ̀dì, iná ni wọ́n ń pè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti fa irú oògùn bẹ́ẹ̀ símú, tàbí ó kan ara rẹ̀, ẹ gbé e jáde sí atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti ọ̀pọ̀ omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé epo pupa ni ọwọ́ wa ń kọ́kọ́ lọ síbi rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì jẹ́ kó fi agídí bì. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí wá ni ká ṣe? Ooru ni ọ̀gá. Ìdun kò lè gba ooru ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius mọ́ra, bó bá sì dé 55, ẹyin rẹ̀ pàápàá kú kíákíá. Omi híhó kọjá ìyẹn dáadáa. Ẹ kó aṣọ, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì sínú làílọ́ọ̀nù nínú yàrá náà, ẹ di ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó má baà já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tó lè gba omi gbígbóná nínú wọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀. Èyí tí kò lè gbà á, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ojú rírán rẹ̀. Ẹ tú bẹ́ẹ̀dì onípákó palẹ̀, ẹ gbé e síta, kí ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé àti ihò ìṣó rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ kó ọmọdé kúrò nítòsí.

Sísá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, ó dára, àmọ́ kò tó. Ìdun mọ ibòji. Bí oòrùn bá gbóná lórí, ìsàlẹ̀ ni yóò sá lọ, alẹ́ ni ẹ ó sì gbé e padà wọlé. Fún ẹrù kékeré bíi bàtà, ìwé àti báàgì ọmọ, ẹ kó wọn sínú làílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ dì í pinpin, kí ẹ gbé e sórí símẹ́ńtì gbígbóná ní ọ̀sán gangan, kí ẹ máa yí i. Ní ti mátírẹ́ẹ̀sì, ẹ ha ojú rírán rẹ̀ dáadáa, ẹ ra èpo tó ní síìpù, ẹ wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ má sì bọ́ ọ fún ọdún kan. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yóò kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan ògiri. "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́." Ẹ fi símẹ́ńtì tàbí pútì dí gbogbo ojú tó là, ẹ dí ihò ìṣó, ẹ dí ibi tí wáyà iná gbà wọlé. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí aṣọ rẹ̀ má sì wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan ń ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bọ abọ́ rọ́bà tó ń dán, pé ìdun kò ní lè gùn ún. Òtítọ́ ni fún ti ilẹ̀ òtútù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìdun ilẹ̀ olóoru ń di ibi tó ń dán mú ju ti ìkejì rẹ̀ lọ, ó sì ń gùn ún jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ bu omi ọṣẹ sínú abọ́ náà, kí ẹ máa dà á nù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Wọ́n sábà máa ń bi mí léèrè ewé. Ní apá Balkans ní Yúróòpù, àwọn èèyàn ń da ewé irú ẹ̀wà kan sílẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká lálẹ́. Irun wẹ́wẹ́ ara ewé náà á gún ìdun lẹ́sẹ̀, á há síbẹ̀, wọn á sì gbá a sun lówùúrọ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2013, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wú mi lórí gan-an, torí ó fi hàn pé ọgbọ́n ilé kì í ṣe ohun tí à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àmọ́ irú ẹ̀wà tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí à ń sè níbí, n kò sì lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbójú lé ewé dóńgóyárò.

Ẹ óò tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, torí ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà àkọ́kọ́ yóò ti pa nígbà náà. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ má sọ pé ó ti tán títí tí ẹ ó fi ṣọ́ ọ fún oṣù 2 láìrí àmì kan. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà nìyí: bí wọ́n bá ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní ìṣẹ́gun dé. Bí ẹ bá fẹ́ pe àwọn tó ń fín oògùn, ẹ pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ, ẹ bèèrè orúkọ oògùn náà àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, ẹ kúrò nínú yàrá fún iye wákàtí tó bá sọ, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí ẹ tó wọlé. Oògùn láìsí ooru àti dídí ihò, owó ló ń jẹ.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ni mo kàn báyìí. Nínú ilé tí yàrá kọjú síra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdun yàrá kẹta. Bí ayálégbé kan bá fín oògùn fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, èyí tí kò bá kú yóò gba ara ògiri lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí aládùúgbò náà bá fín tirẹ̀, yóò padà wá. Yàrá tí a ti rí i, yàrá ọ̀tún rẹ̀, yàrá òsì rẹ̀, àti èyí tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Ìyẹn kò sì lè ṣeé ṣe bí ẹni tó kọ́kọ́ rí i bá ń bẹ̀rù pé ẹ ó lé òun jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lé ayálégbé nítorí ìdun. Òun á lọ, ìdun á kù sínú ògiri yín, ẹni tó bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ tún máa fẹ̀sùn kàn. Dídí ògiri àti ṣíṣe òkè àjà, iṣẹ́ onílé ni. Aṣọ àti ẹrù, iṣẹ́ ayálégbé ni. Owó afinkòkòrò, ẹ pín in. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ sọ fún ara yín. Ẹni tó bá rí i lónìí tó sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ lọ́la, ọpẹ́ ló yẹ ká fi gbà á.

Ọdún Káyókáyó náà kò ní pẹ́ dé, tí àwọn èèyàn wa yóò máa wọlé láti ibi gbogbo, tí yàrá kan yóò gba èèyàn mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ní ká má gba àlejò. Ẹ kàn fi okùn sí ibi kan tí báàgì àlejò yóò máa wà lókè, kó má jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì tàbí ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán mátírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ra àga tàbí bẹ́ẹ̀dì àlòkù, kó yẹ̀ ẹ́ wò níta kó tó gbé e wọlé. Ẹni tó bá sì fẹ́ ju ti rẹ̀ nù, kó kọ́kọ́ gé e ya, torí bó bá wà lódidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnì kan á gbé e lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọkùnrin kan láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè pé bí àwọn bá ti yàrá pa nígbà ìsinmi, ṣé ebi kò ní pa ìdun kú? Mo dá a lóhùn pé rárá. Àwọn kékeré lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n àgbà rẹ̀ lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹ, bí ebi bá sì ń pa á, yàrá tí èèyàn wà ni yóò rìn lọ. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn wá dìde, ó ní yàrá òun wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ó sì bèèrè ọjọ́ tí onílé òun lè bẹ̀rẹ̀. Onílé náà wà níbẹ̀. Wọ́n jọ mú ọjọ́ Sátidé.